Olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Òde àti Àwọn Òṣùpá Júpítérì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kì í ṣe pé ojú àlejò fọ́. Ohun tí òwe náà ń wí ni pé ẹni tí ó kàn ń kọjá lọ lè rí ilé, kí ó rí ọgbà, kí ó sì rí àwọn ènìyàn lójúde, síbẹ̀ kí ó má mọ ohun tí ó rí. Ẹni tí ó bá dúró, tí ó sùn, tí ó jí, tí ó sì tún padà wá lọ́dún mìíràn, òun ni ilé ń fi inú hàn. Olùkọ́ kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí òwe yìí kọ́ lọ́gbọ́n ní ọdún 1979. Ojú sánmà ni ẹ̀kọ́ náà ti wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé ni ó ti gbà á.

Ọmọ ọdún 24 ni olùkọ́ náà nígbà yẹn. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 3 tí wọ́n dá a sílẹ̀ ni, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún 19 lórí ìtẹ́. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni olùkọ́ yìí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú náà. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, ó gbọ́ lórí rédíò pé ọkọ̀ kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà rán lọ sí ojú sánmà láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, Voyager 1, ti dé ọ̀dọ̀ Júpítérì.

Orúkọ náà kò ṣàjèjì sí i. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì nínú Bíbélì Yorùbá yóò rántí pé Júpítérì ni àwọn ará Lísírà pe Bánábà nígbà tí wọ́n rò pé òrìṣà ni ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Ṣùgbọ́n Júpítérì ti ojú ọ̀run kì í ṣe òrìṣà. Ọ̀kan ni ó jẹ́ nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí oòrùn po gẹ́gẹ́ bí ayé wa ti ń yí i po, òun ni ó sì tóbi jù nínú gbogbo wọn. Bí a bá to ayé 11 sí ìlà kan, nígbà náà ni wọn yóò tó ìbú Júpítérì. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 778 kìlómítà ni ó fi jìnnà sí oòrùn, ó sì ń gbà á tó ọdún 12 tiwa kí ó tó yí i po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó gbọ́ ìròyìn náà, olùkọ́ bọ́ sí àgbàlá, ó gbójú sókè. Ìyá rẹ̀, tí ó jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, sọ fún un pé Àgùàlà ni ó ń wò, ìràwọ̀ tí ń bá òṣùpá rìn tí ayé fi ń pè é ní ajá òṣùpá. Ọ̀rọ̀ ìyá kò ṣàì ní ìdí, nítorí pé Àgùàlà àti Júpítérì ni wọ́n sábà máa ń mọ́lẹ̀ ju àwọn ìràwọ̀ yòókù lọ. Ṣùgbọ́n Àgùàlà kì í jìnnà sí oòrùn. Yálà kí ó hàn ní ìwọ̀-oòrùn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú, tàbí kí ó hàn ní ìlà-oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí ẹni tí í rí i ní àtàrí lóru. Èyí tí ọmọ rẹ̀ ń wò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí gan-an. Olùkọ́ ṣàlàyé èyí fún ìyá rẹ̀. Ìyá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bí kì í bá ṣe Àgùàlà, a jẹ́ pé ó ní ilé tirẹ̀ nìyẹn."

Ohun tí olùkọ́ fi ń wo ọ̀run kò ju awò olójú méjì kan lọ, irú èyí tí a fi ń wo ọ̀nà jínjìn, tí ó rà ní àlòkù. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó tó láti fi rí ohun tí Galileo Galilei, ará Ítálì, kọ́kọ́ rí ní oṣù Kìíní ọdún 1610. Ọkùnrin náà rí àwọn ìmọ́lẹ̀ kéékèèké mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ Júpítérì, ó sì rí i pé wọn kì í dúró sójú kan. Òṣùpá ni wọ́n, Júpítérì ni wọ́n sì ń yí po. Orúkọ tí a ń pè wọ́n lónìí ni Io, Europa, Ganymede àti Callisto.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé kan, olùkọ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jọ sórí pápá. Ó ní kí olúkúlùkù wo inú awò náà, kí ó sì ya ohun tí ó bá rí. Òṣùpá mẹ́rin ni ìwé wí, òṣùpá mẹ́rin ni gbogbo wọ́n sì yà. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ó ní kí wọ́n tún wá. Ó ti sú wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ wo inú awò mọ́. Èyí tí wọ́n yà lánàá ni wọ́n tún yà. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ó pẹ́ nídìí awò náà, òṣùpá mẹ́ta ni ó sì yà. Olùkọ́ mú gègé onítáǹwíì pupa, ó fà á dábùú iṣẹ́ ọmọ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ọmọ náà wí, "mẹ́ta ni mo rí."

"Mẹ́rin ni ìwé wí," ni olùkọ́ dáhùn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jókòó, kò sì tún sọ nǹkan kan mọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, iná mànàmáná lọ ní gbogbo àdúgbò, òkùnkùn sì jẹ́ kí ojú ọ̀run mọ́ kedere. Olùkọ́ gbé awò rẹ̀ jáde. Ó ka àwọn òṣùpá náà, mẹ́ta ni. Ó fi etí aṣọ nu ojú awò, ó tún kà wọ́n, mẹ́ta náà ni. Ó mú àga, ó jókòó. Nígbà tí ó pẹ́, ìmọ́lẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí yọ díẹ̀díẹ̀ ní ibi tí kò sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, títí ó fi mọ́ bí àwọn mẹ́ta yòókù. Òjìji Júpítérì ni òṣùpá kẹrin ti jáde wá. Ìgbà náà ni ó yé olùkọ́ pé ohun tí ń yí ilé po kò lè máa wà lójúde nígbà gbogbo. Ó lè wà lẹ́yìn Júpítérì, ó lè wọ inú òjìji rẹ̀, ó sì lè kọjá níwájú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ ńlá bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ náà kò ṣe àṣìṣe. Ohun tí ó rí ni ó yà. Olùkọ́ ni kò wò ó.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, olùkọ́ mú iṣẹ́ náà dání, ó fẹ́ tún un ṣe lójú gbogbo kíláàsì. Àga ọmọ náà ṣófo. Wọ́n ní àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ àdúgbò tí wọ́n kó lọ. Olùkọ́ ra ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan, ó lẹ iṣẹ́ ọmọ náà mọ́ ojú ìwé kìn-ín-ní pẹ̀lú igi pupa tí ó wà lórí rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Mẹ́ta ni. Ọmọ náà rí i. Èmi ni n kò rí i."

Ní oṣù Kẹta yẹn kan náà, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí olùkọ́ kò mọ̀ títí ó fi kà nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Voyager 1 ti kọjá lára Júpítérì ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta, ó sì ti ń lọ. Ní ọjọ́ 8, ó bojú wẹ̀yìn, ó ya àwòrán Io. Kì í ṣe nítorí Io gan-an ni wọ́n ṣe ya àwòrán náà. Wọ́n fẹ́ fi àwọn ìràwọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ náà ń tọ̀. Linda Morabito, obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́ ọkọ̀ náà sọ́nà, rí ohun kan bí ìkùukùu ní etí Io, tí kò sí nínú ìwé kankan. Ì bá rọrùn fún un láti sọ pé ẹ̀rọ ni ó bàjẹ́, kí ó sì fa igi pupa dábùú rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ gbogbo ohun mìíràn tí ó lè fà á wò, wọ́n sì mú wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo: òkè ayọnáyèéfín ni, èéfín rẹ̀ sì ga tó nǹkan bíi 300 kìlómítà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ ènìyàn yóò rí òkè tí ń yọ iná lọ́wọ́ ní ibòmíràn yàtọ̀ sí ayé. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Peale, Cassen àti Reynolds, ti kọ ọ́ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú pé bí Júpítérì àti àwọn òṣùpá yòókù ti ń fa Io síhìn-ín sọ́hùn-ún, inú rẹ̀ yóò gbóná débi pé yóò yọ́.

Láti ọdún 1979 ni olùkọ́ ti ń kọ ohun tí ó bá rí sínú ìwé yẹn, èdè Yorùbá ni ó sì ń fi kọ ọ́. Èyí náà ní ìdí. Ó kà á pé wọ́n fi àwo orin kan tí a fi wúrà bò sínú Voyager kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi èdè 55 kí ẹnikẹ́ni tí ó bá lè pàdé ọkọ̀ náà lọ́nà. Kò sí Yorùbá nínú wọn. Kò sí Haúsá, kò sì sí Ìgbò. Ìlù kan láti ìtòsí wa wà níbẹ̀, èyí tí àwọn Máhì ń lù ní Savalou ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí kò jìnnà sí àwọn Ìdáàṣà tí ń sọ Yorùbá. Ọdún 1963 ni wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlù Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n kọ pé ó jẹ́, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. Olùkọ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní àlejò ni, ó ń kánjú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n mọ ohùn òun, kí ó máa fọhùn nílé ná.

Àwọn ará Ìjẹ̀bú mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìlú ńlá kan tí ó pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí i ká. Òótọ́ ni ó kọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tí ń kọjá ni. Yàrà Ẹrẹ́dò tí a ń pè mọ́ orúkọ Súngbọ́ gùn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà, kò sì sí ẹni tí ó lè mọ èyí láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ó di ìgbà tí àwọn onímọ̀, tí Patrick Darling wà lára wọn, rìn ín nínú igbó ní àwọn ọdún 1990 kí ayé tó mọ bí ó ti tóbi tó.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Júpítérì rí. Òótọ́ ni pé ẹni tí kò bá rìn jìnnà kì í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Pioneer 10 kọjá níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1973, Pioneer 11 ní oṣù Kejìlá ọdún 1974, Voyager 2 sì kọjá ní oṣù Keje ọdún 1979. Gbogbo wọn ni wọ́n rí ohun ìyanu, ṣùgbọ́n àlejò ni gbogbo wọn. Èyí tí ó kọ́kọ́ lọ gbé ibẹ̀ ni ọkọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Galileo pè. Ó gbéra ní oṣù Kẹwàá ọdún 1989, ó sì dé ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1995.

Ìṣòro bá ọkọ̀ yìí lójú ọ̀nà. Ohun ńlá tí ó yẹ kí ó fi máa rán ìròyìn wálé dà bí agbòjò, bí irú èyí tí a ń ṣí lórí àwọn ìjòyè lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1991 wọ́n ní kí ó ṣí, kò ṣí tán. Wọ́n gbìyànjú títí, ó kọ̀. Ohun kékeré kan tí ó kù ni wọ́n wá ń lò, débi pé ìròyìn tí ì bá dé ní ìṣẹ́jú kan ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Wọn kò torí bẹ́ẹ̀ fi í sílẹ̀. Wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ní ọ̀nà tuntun tí yóò fi máa fún ọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n sì ní sùúrù. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún.

Ohun tí sùúrù yẹn mú wá ni olùkọ́ fi púpọ̀ nínú ìwé rẹ̀ kọ. Yìnyín bo Europa lójú, ṣùgbọ́n kí ni ó wà lábẹ́ yìnyín náà? Ẹni tí ó kọjá lẹ́ẹ̀kan kò lè mọ̀ ọ́n. Galileo kọjá lára rẹ̀ léraléra, ó ń wọn agbára òòfà ibẹ̀. Nígbà tí ó padà kọjá ní oṣù Kìíní ọdún 2000, wọ́n rí i pé òòfà Europa yí ojú padà bí ti Júpítérì ti yí padà. Ìtumọ̀ tí ó bá èyí mu jù ni pé omi oníyọ̀ wà lábẹ́ yìnyín náà, odindi òkun.

Nítorí òkun yìí ni wọ́n ṣe pa Galileo fúnra rẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ọkọ̀ tí epo rẹ̀ ti ń tán ṣubú lu Europa ní ọjọ́ kan, kí ó sì kó kòkòrò ayé bá omi ibẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, wọ́n darí rẹ̀ wọ inú Júpítérì, ó sì jóná níbẹ̀. Ọjọ́ 6 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27, wọ́n gbé NigeriaSat-1, ọkọ̀ ojú sánmà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní, sókè láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ojú ìwé kan náà ni olùkọ́ kọ ìròyìn méjèèjì sí, kò sì fi àlàyé kún un.

Juno ni ó tún lọ gbé ọ̀dọ̀ Júpítérì láti oṣù Keje ọdún 2016. Ó rí ìjì ńlá 8 tí wọ́n yí ìjì kan ká ní ìhà àríwá Júpítérì, ó sì rí 5 tí wọ́n yí ọ̀kan ká ní ìhà gúúsù. Ó súnmọ́ Io tó 1,500 kìlómítà ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 àti ní oṣù Kejì ọdún 2024. Àwọn òkè náà ṣì ń yọ iná. Ìjì pupa ńlá tí a mọ̀ mọ́ Júpítérì náà kọ́ni lọ́gbọ́n. Ní ọdún 1979, ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi 23,000 kìlómítà; ní ọdún 2014, ó ti dín kù sí nǹkan bíi 16,500. Ẹni tí ó wò ó lẹ́ẹ̀kan yóò sọ pé ó tóbi. Ẹni tí ó pẹ́ nídìí rẹ̀ nìkan ni ó lè sọ pé ó ń kéré sí i. Àwọn òṣùpá tí ìwé olùkọ́ pè ní mẹ́rin ńkọ́? Àwọn tí a ti mọ̀ báyìí lé ní 90.

Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1960, wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025. Olùkọ́ ṣe ìṣirò kan nínú ìwé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Láti orí Pioneer 10 títí dé Europa Clipper, tí ó gbéra ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìgbà Awùjalẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọ́n ti kúrò nílé. Ṣùgbọ́n Clipper kò ní dé Júpítérì títí di ọdún 2030, Juice tí àwọn ará Yúróòpù rán ní oṣù Kẹrin ọdún 2023 kò sì ní dé títí di ọdún 2031. Ìgbà mìíràn ni wọn yóò dé sí. Àwọn tí ó ronú kan irú ọkọ̀ báyìí máa ń mọ̀ pé ó lè jẹ́ ọmọ àwọn ni yóò gba ìròyìn rẹ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.

Ọdún 2015 ni olùkọ́ fẹ̀yìn tì. Ó ti ń súnmọ́ ọdún 71 báyìí, èyí tí í ṣe ọdún 6 péré bí a bá fi ìrìn Júpítérì kà á. Ní oṣù Kìíní ọdún 2026, Júpítérì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà dé ibi tí ó wà lójú ọ̀run ní ọdún 1979, ìgbà kẹrin nìyẹn. Ojú àgbà kò ríran nínú awò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó ní kí ó wá bá òun wò ó.

"Bàbá àgbà, wọn kò ní bèèrè èyí nínú ìdánwò," ni ọmọ náà wí, ṣùgbọ́n ó gba awò náà.

Ó wò ó pẹ́. Ó mú gègé, ó sàmì mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ Júpítérì nínú ìwé ńlá náà, ó sì dúró. Ó gbé gègé padà, ó fẹ́ fi ẹ̀kẹrin kún un.

"Kí ni o rí?" ni àgbà bèèrè.

"Mẹ́ta ni mo rí, sà. Ṣùgbọ́n mẹ́rin ni wọ́n kọ sínú ìwé wa."

Olùkọ́ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ náà padà sí ojú ìwé kìn-ín-ní, ó fi iṣẹ́ tí igi pupa wà lórí rẹ̀ han ọmọ náà, ó sì jẹ́ kí ó ka ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ tán.

"Kọ mẹ́ta," ni ó wí. "Kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i, kí o sì kọ aago. Lọ́la, kí o tún wá wò ó."